Àdí àgbọn tó mú Ìyá Aláta dán ló sú irorẹ́ sójú Ìyá Aláṣọ! Ẹ mọ awọ ara yín kí ẹ tó fowó ra ìyọnu

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin kan wà tó ń ta àǹkárá lọ́jà Gbági n'Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ìyá Aláṣọ, torí pé ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ti òun nìkan. Láti Dùgbẹ̀ títí dé Muṣin l'Ékòó, kò sí ọjà tí èèyàn lè dé tí kò ní í rí irú rẹ̀.

Ìyá Aláṣọ ò dúdú jù, bẹ́ẹ̀ ni kò pupa. Ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní, àfi pé bó bá ti di ọ̀sán, epo á bẹ̀rẹ̀ sí í sun níwájú orí rẹ̀. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyẹn. Tó bá wo Ìyá Aláta tí ìsọ̀ wọn dojú kọra, ara obìnrin náà á máa dán bíi ti ọmọge, bẹ́ẹ̀ Ìyá Aláta ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá a.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi ń para?"

Ìyá Aláta rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, kí ni mo tún fẹ́ fi para? Òrí ni, pẹ̀lú àdí àgbọn. Mo ti ń lò ó látìgbà tí mo ti wà nílé ìyá mi."

Ọ̀rọ̀ bùṣe! Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni Ìyá Aláṣọ ti ra àdí àgbọn ìgò kan. Àárọ̀, á fi kun ojú. Alẹ́, á tún fi kun ojú. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, irorẹ́ ti sú bo iwájú orí rẹ̀ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, bí ẹni pé wọ́n da ọkà bàbà síbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jẹ̀bi? Ṣé Ìyá Aláta ló parọ́ ni? Rárá o. Òótọ́ ló sọ. Awọ ara tirẹ̀ gbẹ, epo ló ń wá. Awọ ojú Ìyá Aláṣọ sì ti ń sun epo tẹ́lẹ̀, ló bá tún lọ da epo lé epo. Àdí àgbọn a máa dí ihò tín-ín-rín tó wà lójú ẹni tí awọ rẹ̀ bá ti lóròóró. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí, kò burú. Kó ṣáà ti dá àdí dúró lójú, kó sì ní sùúrù fún oṣù díẹ̀, irorẹ́ náà á máa rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n sùúrù ọ̀hún ni kò sí.

"Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, a máa pò ó fún yín"

Ọmọbìnrin kan tó ń ta ìpara ló pè é mọ́ra. Abọ́ ńlá kan wà níwájú ọmọ náà. Ó já ìpara oríṣi méjì sínú rẹ̀, ó da omi ìgò kan lé e, ó fún ìpara inú ọ̀pá kékeré kan sí i, ló bá ń rò ó bí ẹni ń ro àmàlà.

"Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, a máa pò ó fún yín. Kò ní í bó yín o, tóònù lásán ni. Kó tó di ọjọ́ méje, irorẹ́ á gbẹ, ojú yín á máa dán gbinrin."

Òótọ́ sì ni, irorẹ́ gbẹ! Ọjọ́ méje ò tíì pé tí ojú fi rọ̀ múlọ́múlọ́ bíi ti ọmọ tuntun. Àwọn oníbàárà ń yìn ín. Ọkọ rẹ̀ pàápàá ń wò ó ní àwòtúnwò. Nígbà tí ike àkọ́kọ́ tán, ó ra òmíràn.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, ara ti pupa, àmọ́ oríkèé ìka ọwọ́ rẹ̀ dú kirikiri. Nígbà tó di oṣù kẹfà, bí oòrùn bá ti kan ojú rẹ̀, á máa ta á bí ẹni tí wọ́n fi ata kùn. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ti ń hàn lẹ́rẹ̀kẹ́. Bó bá fi ìpara náà sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ péré, ojú á wú, irorẹ́ á tún sú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìpara wá di ọ̀gá, Ìyá Aláṣọ di ẹrú.

Èyí tó wá bà á lẹ́rù jù ni ti ọjọ́ tó ká ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, mọ́ ìdí ìpara náà. Ọmọ ti fi kun ojú, ó ti fi kun apá.

"Màmá, ẹ má bínú. Mo fẹ́ pupa bíi yín ni."

Omi bọ́ lójú ìyá. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tó fi gba ọsibítù lọ, tòun tọmọ.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà bi í ni pé, "Kí ló wà nínú ìpara náà, mà?" Ìyá Aláṣọ ò lè dáhùn. Ó mọ iye tó rà á. Ó mọ ẹni tó tà á fún un. Ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an ni kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá gbé àǹkárá wá fún un lọ́jà, á yẹ etí aṣọ wò, á fọwọ́ ra á, á wò ó bóyá yóò ṣí. Aṣọ tó fẹ́ tà ló ń yẹ̀ wò, èyí tó fẹ́ fi kun ara ni kò yẹ̀ wò!

Nǹkan mẹ́ta tó ń fara pamọ́ sínú àpòpọ̀

Àkọ́kọ́ ni sìtẹ́rọ́ìdì. Oògùn ni, kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Lára orúkọ tó máa ń jẹ́ lára páálí ni clobetasol àti betamethasone. Dókítà máa ń kọ ọ́ fún ẹni tí ara rẹ̀ bá wú tàbí tó ń yún un gidigidi, ó sì máa ń sọ iye ọjọ́ tí yóò fi lò ó. Irú rẹ̀ ló lè mú ojú Ìyá Aláṣọ rọ̀ wéré bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ lára, á mú awọ fẹ́lẹ́ bíi bébà. Ilà gbọọrọ gbọọrọ á yọ sí itan, apá àti ikùn, irú ilà bẹ́ẹ̀ kì í sì í lọ. Ọgbẹ́ kékeré á máa pẹ́ kó tó jinná. Bó bá di pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, rírán awọ náà pọ̀ a máa di iṣẹ́ ńlá fún dókítà. Bó bá pọ̀ lára, ó lè wọnú ẹ̀jẹ̀, kó mú ẹ̀jẹ̀ ríru wá, kó sì mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ga sókè.

Ó tún ní ẹ̀tàn kan. Ẹni tí làpálàpá mú, tó fi ìpara oní-sìtẹ́rọ́ìdì kùn ún, yíyún á dúró, á rò pé òun ti rí ìwòsàn. Irọ́ ni o. Làpálàpá ń ràn lábẹ́ ilẹ̀, kò pẹ́ tí yóò fi gba gbogbo ara.

Ìkejì ni hydroquinone. Òun ló ń dá awọ ara lọ́wọ́ kọ́ láti má ṣe pèsè àwọ̀ dúdú. Bí wọ́n bá lò ó pẹ́, pàápàá tí oòrùn tún ń pa ara, ibi tí wọ́n fẹ́ kó pupa á wá dú bíi èédú, á sì le gbagidi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti abẹ́ ojú ló sábà máa ń mú. Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn dókítà awọ ara ti kọ ọ́ síwèé láti 1975 pé ìpara yìí ló ń ba ojú àwọn obìnrin jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di 1990, ìjọba ibẹ̀ fòfin dè é nínú ìpara. Orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire fòfin de ìpara abóra ní 2015, Ghánà náà sì dá hydroquinone dúró nínú ìpara ní 2016.

Ìkẹta ló burú jù, ìyẹn mákúrì. Májèlé ni. Ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó ń ba iṣan ọpọlọ jẹ́, ó sì lè dé ara ọmọ inú oyún. Kì í mọ sára ẹni tó fi para nìkan. Ó ń bá aṣọ ìnura rìn, ó ń bá ìrọ̀rí rìn, ó ń ti apá ìyá bọ́ sára ọmọ tó gbé mọ́ra. Nílùú Minamata ní Japan, ọ̀pọ̀ èèyàn ló kú, tí ọ̀pọ̀ sì yarọ, nítorí mákúrì tí ilé iṣẹ́ kan ń dà sínú omi tí ẹja wọn ń gbé. Ọdún 1956 ni àṣírí àìsàn náà tú. Orúkọ ìlú náà ni wọ́n fi sọ àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ṣe ní 2013 láti gbógun ti mákúrì. Nínú àdéhùn náà, wọ́n fi 2020 ṣe gbèdéke fún ìpara tí mákúrì inú rẹ̀ bá ti ju ẹyọ 1 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn òfin ni àwọn kan ṣì ń gbà tà á.

Nílẹ̀ wa níbí, àjọ NAFDAC ò fàyè gba mákúrì nínú ìpara. Hydroquinone ò sì gbọdọ̀ ju ìdá 2 nínú 100 lọ. Ní 2023, ọ̀gá àgbà àjọ náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojisola Adeyeye, kéde pé ọ̀rọ̀ bíbó ara ti di ọ̀ràn pàjáwìrì. Kì í kúkú ṣe òní lọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Láti 1976 ni Fẹlá ti fi orin rẹ̀, Yellow Fever, bá àwọn tó ń bó ara wí.

Ẹ gbọ́ àmì kan tó yẹ kí gbogbo ìyá tó ní wúrà mọ̀. Bí ẹ bá rí i lára ike ìpara pé kí ẹ má jẹ́ kó kan wúrà, fàdákà tàbí rọ́bà, ẹ yáa dá a padà. Ó ṣeé ṣe kí mákúrì wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì kọ mercury, calomel tàbí Hg sí i, ẹ má wulẹ̀ ṣí i. Èyí tí wọn ò wá kọ nǹkan kan sí lára ńkọ́, tí wọ́n pò nínú abọ́, tí wọ́n dà sínú ike lásán? Ìyẹn gan-an ló yẹ ká sá fún jù, nítorí ẹni tó pò ó pàápàá lè má mọ ohun tó pò.

Ẹ bi awọ ara yín léèrè

Kí wá ni ṣíṣe? Ṣé ká má para mọ́ ni? Rárá o. Yorùbá mọyì ara dídán. A ń kì adúmáadán, a ń kì apọ́nbéporẹ́. Ẹ wò ó dáadáa, oríkì méjèèjì, ara tó jọ̀lọ̀ ni wọ́n ń yìn. Kò sí èyí tó ní kí dúdú di pupa.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò ná èèyàn ní kọ́bọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ ò pọ̀, ẹ fi ọṣẹ tí kò le fọ ojú. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ rọra tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ má gbo ó. Ẹ má fi nǹkan kan kùn ún fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, ẹ gba iwájú dígí lọ.

Bí ojú bá fún, tó ń hó funfun, awọ gbígbẹ lẹ ní.

Bó bá ń dán epo látòkè délẹ̀, awọ olóròóró ni.

Bó bá jẹ́ iwájú orí àti imú nìkan ló ń dán, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì gbẹ, awọ alápapọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní in.

Bó bá ń yún, tó ń ta, tó sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí ọṣẹ tàbí ìpara padà, awọ yín kì í gba ìgbàkugbà nìyẹn.

Ẹ má gbàgbé pé ara ń yí padà o. Ìgbà ọyẹ́ yàtọ̀ sí ìgbà òjò. Ẹni ogún ọdún yàtọ̀ sí ẹni àádọ́ta. Bí obìnrin bá lóyún, ojú rẹ̀ lè dú lẹ́rẹ̀kẹ́ àti níwájú orí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń ṣí díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Kì í ṣe ìgbà yẹn ló yẹ kéèyàn sáré lọ ra ìpara abóra, nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú!

Ohun tó bá oníkálukú mu

Fún awọ gbígbẹ: ẹ má fi omi gbígbóná wẹ̀, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ti tó. Kí ara tó gbẹ tán lẹ́yìn ìwẹ̀ ni kí ẹ ti fi òrí tàbí fasilíìnì pa á, kó lè há omi mọ́ ara. Ìyẹn ni àṣírí Ìyá Aláta. Kì í ṣe òrí nìkan, ìgbà tó ń fi í para náà wà níbẹ̀. Bó bá di ìgbà ọyẹ́, ẹ pa á lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Fún awọ olóròóró: ẹ fọ ojú láàárọ̀ àti lálẹ́, ó tó bẹ́ẹ̀. Fífọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ kì í dá epo dúró, á kàn bọ́ ojú ni. Ìpara fúyẹ́fúyẹ́ tí kò lọ́ràá ni kí ẹ fi kùn ún. Òrí àti àdí lè wà fún ẹsẹ̀ àti ìgbọ̀nwọ́, kó má dé ojú. Bí irorẹ́ bá ń yọni lẹ́nu, ilé apòògùn ní ìpara tó ń jẹ́ benzoyl peroxide. Kí èyí tí wọ́n kọ 2.5 tàbí 5 sí lára jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fún un tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Àmọ́ ẹ̀yin aláṣọ, ẹ ṣọ́ra! Ó máa ń ṣí àwọ̀ aṣọ. Ẹ má fi ọwọ́ tó wà lára rẹ̀ di àǹkárá.

Fún awọ alápapọ̀: ìpara fúyẹ́ fún iwájú orí àti imú, èyí tó lọ́ràá díẹ̀ fún ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò sí òfin tó ní ohun kan náà ló gbọdọ̀ kárí gbogbo ojú.

Fún awọ tí kì í gba ìgbàkugbà: ohun tí kò lóòórùn dídùn ni kí ẹ rà. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá yí ọṣẹ, ìpara àti lọ́fínńdà padà lọ́jọ́ kan náà, tí ara wá sú, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ èyí tó fà á?

Ohun yòówù kí ẹ rà, ẹ dán an wò ná. Ẹ fi díẹ̀ sí inú apá, níbi tí ìgbọ̀nwọ́ ti ń ṣẹ́, láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méje. Bí kò bá yún, tí kò pupa, tí kò sú, ẹ lè gbé e dé ojú.

Ọṣẹ dúdú ńkọ́? Ọṣẹ wa ni, kò sẹ́ni tó lè bú u. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí wọ́n fi ń ṣe é: eérú èèpo kòkó tàbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú àdí èkùrọ́. Omi eérú yẹn le. Ẹni tí awọ rẹ̀ gbẹ tó ń fi í wẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, ara á hó. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi omi là á dáadáa, kó sì dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Kànrìnkàn pẹ̀lú. Ẹni tó ń fi kànrìnkàn líle gbo ara bí ẹni ń fọ ìdí ìkòkò, kó rò pé òun ń yọ dúdú kúrò, ńṣe ló ń pe dúdú wá. Ara tí wọ́n bá gbo jù a máa dú sí i ni. Ẹ má sì fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ kun ojú kí ẹ tó bọ́ sí oòrùn. Ó máa ń jó awọ, á wá dá àpá dúdú síbẹ̀.

Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe náà ń sọ̀rọ̀ lára yín

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ yé fi pẹtiróòlù fọ ọwọ́. Ó ń gba gbogbo ọ̀rá ara lọ, ló ṣe jẹ́ pé ọwọ́ ń là. Ẹ da òróró tí ẹ fi ń dáná díẹ̀ sọ́wọ́, ẹ fi gbo gíríìsì náà kúrò, kí ẹ tó wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin bíríkìlà, sìmẹ́ǹtì tútù ń jó awọ. Kó má pẹ́ lára yín. Omi púpọ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì wọ bàtà rọ́bà.

Ẹ̀yin onídìrí tí ọwọ́ yín ń wà nínú rìlásà, ẹ̀yin aláró, ẹ̀yin tí ẹ ń fọṣọ fún gbogbo àdúgbò, ìbọ̀wọ́ rọ́bà kì í ṣe fáàrí, ẹ̀mí ọwọ́ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sínú oòrùn láti àárọ̀, láti aago mẹ́wàá sí aago mẹ́rin ni oòrùn ń le jù. Agboòrùn, gèlè àti fìlà onígbẹ̀tí ńlá ń ṣiṣẹ́ ju ìpara mìíràn lọ. Àwọ̀ dúdú tí Ọlọ́run fún wa gan-an, ààbò lọ́wọ́ oòrùn ni. Ẹni tó bó o, ó ti ká òrùlé ara rẹ̀ kúrò. Àwọn àfín tí kò ní ààbò yìí rárá ló yẹ kó máa lo ìpara agboòrùn tí wọ́n kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára, pẹ̀lú aṣọ alápá gígùn.

Ẹni tó ti wọ̀ ọ́ ńkọ́?

Kò tíì pẹ́ jù. Èyí tó bá ní mákúrì tàbí hydroquinone, ẹ jù ú sílẹ̀ lónìí. Bí ẹ bá fura sí mákúrì, ẹ sọ fún dókítà kó yẹ kíndìnrín yín wò. Sìtẹ́rọ́ìdì tó ti pẹ́ lára ni kò yẹ kéèyàn dá dúró láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i. Ojú lè wú, ó lè máa jó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sá padà sídìí abọ́ àpòpọ̀. Dókítà lè máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ gbé ike ìpara náà dání lọ, ẹ má tijú. Dókítà awọ ara wà ní UCH Ìbàdàn, ó wà ní LUTH l'Ékòó, ó wà ní ọsibítù Yunifásítì tó wà n'Ílé-Ifẹ̀.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí ìpara kankan ò gbọdọ̀ bò mọ́lẹ̀. Bí ojú ibì kan bá ṣí lára, tí abẹ́rẹ́ bá gún un tí kò dùn yín, ẹ sáré lọ ọsibítù, torí ó lè jẹ́ ẹ̀tẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ ní ìwòsàn, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn rẹ̀. Àmì dúdú tó yọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí abẹ́ èékánná tó ń fẹ̀ sí i, tàbí egbò tó kọ̀ tí kò jinná, kò gbọdọ̀ pẹ́ nílé.

Ìyá Aláṣọ ti padà sídìí ọjà rẹ̀. Ó gba oṣù púpọ̀ kí ojú rẹ̀ tó rọlẹ̀. Oríkèé ìka rẹ̀ ṣì dú, dókítà sì ti sọ fún un pé ó lè má ṣí tán. Ọṣẹ tí kò le, ìpara fúyẹ́ kan, àti agboòrùn ńlá tó ta síwájú ìsọ̀, gbogbo ohun tó ń lò kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó tó ń ná lórí rẹ̀ ò tó ìdajì èyí tó ń kó fún alápòpọ̀.

Ti ọmọ rẹ̀ ló dùn mọ́ ọn nínú jù. Ìpara náà ò tíì pẹ́ lára ọmọ, ojú rẹ̀ ti padà sípò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá pè é síwájú dígí, ó fi ìka rẹ̀ tó dú hàn án.

"Ṣé o rí èyí? Owó ni mo fi rà á. Tìrẹ tó wà lára rẹ yìí, ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run fún ọ. Má tà á."

Ìyá Aláta tó ń gbọ́ wọn láti ìsọ̀ kejì mi orí. "Ìyàwó," ló wí, "ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá ti kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè irú ara tó o ní."